Ọjọ́ tí ordinateur kọ̀ tí kò jí: ìtàn virus CIH

Ìtàn tòní kì í ṣe ti ọba, kì í sì í ṣe ti ogun Dàhòmì. Ìtàn ẹ̀rọ ni, ṣùgbọ́n ó kan gbogbo ẹni tó ní ordinateur nílé.

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 1999, ọ̀pọ̀ èèyàn ní Éṣíà àti ní Túrkì tan ordinateur wọn bí wọ́n ti ń ṣe lójoojúmọ́. Ẹ̀rọ náà dákẹ́ lójijì lójú wọn. Nígbà tí wọ́n tún un tàn, kò dáhùn mọ́. Ní Kòréà Gúúsù nìkan, ẹ̀rọ tó kú lọ́jọ́ náà lé ní 100 000.

Virus kan tí wọ́n ń pè ní CIH ló ṣiṣẹ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Taiwan, Chen Ing-hau, ló kọ ọ́ ní 1998; lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ ni wọ́n kó jọ. Àwọn mìíràn ń pè é ní Chernobyl, nítorí pé ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ni ilé iṣẹ́ iná Chernobyl bú gbàù ní 1986. Chen ní òun fẹ́ dójú ti àwọn tó ń ta antivirus tí wọ́n ń fọ́nnu ni.

Kékeré ni virus yìí, nǹkan bí octet 1000 péré. Inú àlàfo tó máa ń wà láàárín fichier àwọn ètò Windows ló ń fara pamọ́ sí, ó ń gé ara rẹ̀ wẹ́wẹ́ kó lè gbà á, tí ìwọ̀n fichier náà kò sì ní yí padà. Bí kòkòrò inú ẹ̀wà ló rí: èèpo ṣì ń dán. Ó bá CD àdàkọ rìn káàkiri ayé, ṣùgbọ́n ẹni tó ra tuntun nínú páálí pàápàá kò bọ́ tán: ní oṣù kẹta 1999, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ordinateur Aptiva ti IBM jáde tòun ti CIH nínú.

Tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé, ohun méjì ló ń ṣe. Ó ń kọ òdo bo Mo kan àkọ́kọ́ lórí disque dur. Lẹ́yìn náà, ó ń gbìyànjú láti nu BIOS, ìyẹn ìkọ̀wé inú puce orí carte mère tó ń jí ẹ̀rọ. Kì í ṣe gbogbo carte mère ni èyí ràn.

Àwọn oníròyìn ìgbà náà pariwo pé virus yìí ń jó ẹ̀rọ. Èmi kò gbà. Puce kò jó; ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ ni wọ́n nù. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ a yọ ọ́, a tún un kọ lórí ẹ̀rọ mìíràn, a dá a padà. Níbi tí wọ́n bá ti jó puce mọ́ carte mère, wọ́n a pààrọ̀ carte mère. Fichier kò sí nínú èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Orí disque dur ni fichier wà, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Windows ìgbà náà máa ń ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ kan, FAT, tó ń sọ ibi tí gbogbo fichier wà, bí ìwé tí olùkọ́ fi ń pe orúkọ ọmọ. Ẹ̀dà méjì ló ń ní, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Lórí disque kékeré àtijọ́, méjèèjì kéré, òdo bò wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n lórí disque FAT32 tó ju Go kan lọ, ẹ̀dà àkọ́kọ́ nìkan ti lé ní Mo kan, nítorí náà òdo kò dé ọ̀dọ̀ èkejì. Steve Gibson, ará Amẹ́ríkà, kọ ètò kan lọ́fẹ̀ẹ́, FIX-CIH, tó ń fi ẹ̀dà kejì yìí tún ti àkọ́kọ́ ṣe. Disque tí gbogbo ayé ti sunkún lé lórí a sì jí padà tòun ti fichier rẹ̀.

Ẹni tó bá ti sáré formater kí ó tó gbọ́ ńkọ́? Windows tuntun a kọ FAT tuntun lé ti àtijọ́ lórí, ẹ̀dà méjèèjì. Ohun tí virus kò rí pa, onílé fọwọ́ ara rẹ̀ pa á.

Títí dòní, ọ̀rọ̀ tí oníṣẹ́ sábà máa ń kọ́kọ́ sọ fún wa nìyẹn: «À á formater rẹ̀.» Mémoire ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga lè wà níbẹ̀, àwòrán ìyá tó ti kú lè wà níbẹ̀. Ẹ ní kó kọ́kọ́ fi clé USB tó ní Linux tan ẹ̀rọ náà, tàbí kó yọ disque náà lọ sára ẹ̀rọ mìíràn, kó da ìwé àti àwòrán kọ síbòmíràn, kó má ṣí ètò kankan lórí rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kó formater bó ṣe wù ú.

Ọlọ́pàá Taiwan pe Chen ní 1999, wọ́n bi í léèrè, wọ́n sì fi í sílẹ̀, nítorí pé nígbà náà kò sí ará Taiwan kankan tó wá fẹjọ́ sùn.