Alùpùpù Àlòkù àti Àlejò ní Ìkòròdú

Bí ọ̀rọ̀ bá di ti alùpùpù, ọ̀nà méjì ni àwọn àjèjì tó ń gbé Ìkòròdú pín sí. Àwọn ará Íńdíà, Ṣáínà àti Lẹ́bánónì tó jẹ́ ọ̀gá ní àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ní Odógunyàn kì í sábà gùn ún. Ọkọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń gbé wọn lọ, tó ń gbé wọn bọ̀. Àwọn tó ń rà á ni àwọn tó wá láti ìtòsí: ará Olómìnira Bẹ̀nẹ̀, ará Tógò, ará Niger. Àlòkù ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ rà, kì í sì í ṣe fún fàájì. Òun ni wọ́n fi ń jẹun. Láti nǹkan bí ogójì ọdún tí òwò yìí ti gbilẹ̀, irú alùpùpù ti yí padà, òfin ti yí padà, owó rẹ̀ kò sì dúró lójú kan rí. Ohun kan ṣoṣo ni kò yẹ̀: owó nìkan kò tó fún àlejò láti fi ra alùpùpù. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò dúró fún un.

Àṣà yìí ti wà ní Ìkòròdú ṣáájú alùpùpù. Ẹnu ibodè ni ìlú náà láàárín ilẹ̀ Rẹ́mọ àti ọ̀sà Èkó. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹrù tó ń bọ̀ láti òkè a máa gba ibẹ̀ kọjá kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó. Ọ̀nà òwò yìí wà lára ohun tó mú kí àwọn Ẹ̀gbá dó ti ìlú náà, títí Glover, tó ń ṣàkóso Èkó fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, fi kó ọmọ ogun wá láti ibẹ̀, tó tú wọn ká ní oṣù kẹta ọdún 1865. Oníṣòwò àjèjì tó bá dé irú ọjà bẹ́ẹ̀ ní láti wọ̀ sílé ẹnì kan, ẹni tó gbà á sílé ni wọ́n sì máa ń dì mú bí ọ̀rọ̀ bá dàrú. Bákan náà ni ti ẹni tó fẹ́ yá owó: ó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà, kí ó máa fi iṣẹ́ ọwọ́ dípò èlé, onígbọ̀wọ́ a sì wà láàárín òun àti olówó. Ìjọba amúnisìn fòpin sí ìwọ̀fà. Onígbọ̀wọ́ kò bá a lọ.

Kẹ̀kẹ́ ológeere ló ṣáájú alùpùpù dé. Raleigh láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àgbẹ̀ olówó àti oníṣòwò ń gùn, wọ́n sì ń rà á ní àlòkù lọ́wọ́ ara wọn. Nígbà tí alùpùpù dé, ohun iyì ni fún ìgbà pípẹ́: tíṣà, wolé-wolé àti òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ni wọ́n fi í mọ̀. Honda gbé Super Cub jáde ní Japan ní 1958, irú rẹ̀ sì tàn ká Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní Dahomey, tó di Bẹ̀nẹ̀ lónìí, àti Tógò, Mobylette tí àwọn Faransé ṣe ló gbajúmọ̀. Ní 1975, tí ìjọba àpapọ̀ san owó oṣù tuntun àti àjẹsílẹ̀ tí ìgbìmọ̀ Udoji dámọ̀ràn, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sáré ra alùpùpù. Honda fúnra rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ọ̀tà ní 1979. Ní àwọn ìlú bíi Calabar, wọ́n ti ń fi alùpùpù gbérò gbowó ní àwọn ọdún 1970 yìí, ṣùgbọ́n ní Èkó, ẹni tó gùn ún ló ni ín, ẹni tó bá sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni.

Àjèjì ti pọ̀ ní Èkó nígbà náà. Wọ́n buwọ́ lu àdéhùn ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní Èkó ní oṣù karùn-ún ọdún 1975. Ní 1979, àdéhùn mìíràn tí wọ́n ṣe ní Dakar jẹ́ kí ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú àjọ náà lè gbé nínú òmíràn fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Owó epo rọ̀bì ń wọlé ní Nàìjíríà. Ìkòròdú, tó wà lábẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, di ibi tí ìpínlẹ̀ tuntun náà ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ sí fún ilé iṣẹ́. Odógunyàn, ní ojú ọ̀nà Ṣàgámù, ni ọgbà ilé iṣẹ́ náà wà, ilé iṣẹ́ aṣọ bíi Nichemtex, ti ọṣẹ àti ti irin sì kóra jọ sí agbègbè náà. Àwọn tó wá iṣẹ́ wá síbẹ̀ kì í ṣe ará ìlú nìkan.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Shehu Shagari pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé kó ẹrù wọn. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn tó lọ, ará Ghana ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n tún lé àwọn mìíràn ní 1985. Ẹni tó ti kọ́lé tàbí tó ra ilẹ̀ fi í sílẹ̀. Kò ṣòro láti mọ ìdí tí alùpùpù fi wu àlejò lẹ́yìn èyí: ohun ìní tó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ni, ó sì ṣeé sọ di owó láàárín ọjọ́ kan.

Lára àwọn tí òfin pè ní àjèjì yìí ni àwọn tó ń sọ Yorùbá nílé bàbá wọn wà. Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fẹnu kò sí ní 1889 ló fi Kétu, Ṣàkẹ́tẹ́ àti Pọ̀bẹ̀ sí apá Faransé, tó di Bẹ̀nẹ̀. Ọmọ Kétu tó bá dé Ìkòròdú lè rí onídùúró kíá ju ọmọ Zinder ní Niger lọ, nítorí èdè rẹ̀ á gbà á. Níwájú aṣọ́bodè, ìwé kan náà ni wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Ọdún 1986 ni nǹkan yí padà pátápátá. Ìjọba Babangida gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí gbogbo ayé mọ̀ sí SAP kalẹ̀. Dọ́là kan tí kò tó náírà kan ní 1985 di nǹkan bí náírà mẹ́rin ní 1987. Alùpùpù tuntun bọ́ kúrò lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, bọ́ọ̀sì tó bàjẹ́ kò rí ẹ̀yà ara tuntun, iṣẹ́ sì wọ́n. Tòkunbọ̀ ló di ìdáhùn, ojú ọ̀nà rẹ̀ sì ni èbúté Kútọnu, níbi tí owó ibodè ti rọjú ju ti Èkó lọ. Alùpùpù tí wọ́n ti gùn ní Japan ń dé, ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ń rà á, ó sì ń fi í gbérò. Àwọn èrò sọ ọ́ ní ọ̀kadà, orúkọ ilé iṣẹ́ bàálù Okada Air tí Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983. Ní àkókò kan náà ni zémidjan gbòde ní Kútọnu, tí àwọn tó ń gùn ún ń wọ ẹ̀wù òfééfèé. Ní Lomé, oléyia ni. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ àlejò tó dé Ìkòròdú láti ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ti mọ iṣẹ́ náà kó tó dé. Alùpùpù nìkan ló kù.

Rírà rẹ̀ ní ọgbọ́n tirẹ̀. Púpọ̀ nínú Yamaha àti Suzuki tòkunbọ̀ ìgbà yẹn jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù rẹ̀. Èéfín rẹ̀ kì í ṣe àmì àrùn, torí náà etí ni mẹkáníìkì fi ń yẹ̀ ẹ́ wò ju ojú lọ. Honda CG125 yàtọ̀. Nígbà tí wọ́n ń ṣe é ní àwọn ọdún 1970, ilé iṣẹ́ náà ti kíyè sí i pé ní àwọn orílẹ̀-èdè tálákà, wọ́n ń di ẹrù àpọ̀jù lé alùpùpù, wọn kì í sì í tètè pààrọ̀ ọ́ìlì, wọ́n sì ṣe ẹ́ńjìnnì tó lè fara dà á. Bí irú èyí bá ń rú èéfín aláwọ̀ aró lẹ́yìn tó ti gbóná, ríìnì rẹ̀ ti jẹ. Nítorí náà ni mẹkáníìkì tó gbọ́n ṣe máa ń fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kó tó ta kíìkì: bí ó bá ti gbóná kí oníbàárà tó dé, ó ní ohun tí ẹni tó ń tà á ń bò mọ́lẹ̀. A máa wo orí bóòtù bóyá sípánà ti há a, a máa wo abẹ́ àga bóyá wọ́n ti jó irin mọ́ irin níbẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì àti ti ṣáṣíìsì, tó gbọ́dọ̀ bá ti inú ìwé mu. Àlejò ni èyí kàn jù. Bí wọ́n bá mú ọmọ onílùú pẹ̀lú alùpùpù tí nọ́ńbà rẹ̀ kò bára mu, ẹbí rẹ̀ á dé àgọ́ ọlọ́pàá kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àwọn tó fi owó ọwọ́ wọn ra ti àkọ́kọ́ kò pọ̀. Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Èkíní ni dẹ̀lífírì: alùpùpù jẹ́ ti ọ̀gá, ẹni tó ń gùn ún á máa jíṣẹ́ iye kan lójúmọ́, ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn bẹntiróòlù di tirẹ̀. Èkejì ni háyà-pọ́ṣéèsì, tó sábà máa ń tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́. Ọ̀gá á bu iye kan lé owó tí alùpùpù jẹ, ẹni tó gbà á á máa san án díẹ̀díẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, títí yóò fi parí. Èlé rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Bí wọ́n bá jí i gbé tàbí tí ó bá forí sọ ọkọ̀, gbèsè kò lọ. Ẹni tó bá mọ ìtàn ìwọ̀fà á rí i pé ìbátan wà níbẹ̀: iṣẹ́ òòjọ́ ni wọ́n fi ń gba ara ẹni sílẹ̀. Ìyàtọ̀ pàtàkì ni pé háyà ní òpin tó dájú, alùpùpù sì ń kù sí ọwọ́ ẹni tó ṣiṣẹ́.

Kò sí ọ̀gá tó ń gbé alùpùpù fún àlejò láìrí onídùúró. Onílé tó gbà á sílé lè ṣe é, tàbí olórí àwọn ará ìlú rẹ̀ ní àdúgbò Sábó, tàbí alága níbi tí àwọn ọlọ́kadà ń tò sí. Onídùúró á kọ orúkọ, á tẹ̀ka, á fi fọ́tò sílẹ̀. Bí ọmọ bá gbé alùpùpù sálọ sí Niger, òun ni wọn yóò wá. Èyí ló fà á tí ará ìlú kan fi máa ń pọ̀ ní gáréèjì kan, tí wọn kì í sì í fọ́n ká: níbi tí onídùúró bá wà ni àwọn èèyàn rẹ̀ ń wà. Àlejò tó bá ti fi ọdún méjì mẹ́ta jíṣẹ́ láìní wàhálà a di onídùúró fún ẹlòmíràn.

Láti ìparí àwọn ọdún 1990, alùpùpù Ṣáínà bíi Jincheng ya wọ ọjà. Àwọn oníṣòwò Nnewi, Innocent Chukwuma tó dá Innoson sílẹ̀ wà lára wọn, rí i pé bí wọ́n bá tú alùpùpù palẹ̀ kí wọ́n tó dì í sínú kọ̀ǹténà, iye tí yóò gbà á fi ìlọ́po ju èyí tí wọ́n kó ní odindi lọ. Wọ́n ń tò ó pọ̀ ní Nàìjíríà, owó alùpùpù tuntun sì wálẹ̀. Bajaj láti Íńdíà tẹ̀ lé e, ó sì gbapò lọ́wọ́ Jincheng. Tòkunbọ̀ Japan pòórá díẹ̀díẹ̀. Àlòkù tí àlejò ń rà lẹ́yìn ìgbà náà, ọlọ́kadà ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Èkó ló ti gùn ún gbó.

Òfin wá dé. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 2009, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹni tí kò dé akoto, àwọn kan sì fi igbá bo orí láti fi tan wọ́n jẹ. Òfin ìrìnnà tí Gómìnà Fáṣọlá buwọ́ lù ní oṣù kẹjọ ọdún 2012 lé ọ̀kadà kúrò ní òpópónà 475. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2020, ìjọba Gómìnà Sanwó-Olú fòfin dè é ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà; ní 2022 ó mú un le sí i, ó sì fi Kosọ́fẹ́, Oṣòdì-Ìsọlọ̀, Ṣómólú àti Muṣin kún un ní oṣù kẹsàn-án. Wọ́n fi ẹ̀rọ rún àwọn alùpùpù tí wọ́n gbà mọ́lẹ̀ ní gbangba. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìkòròdú kò sí nínú àwọn tí wọ́n dárúkọ, nítorí náà ló ṣe di ibi ìsádi, fún alùpùpù àti fún àwọn tó ń gùn ún. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019 pàápàá, wọ́n ti dá ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń bọ̀ láti Jigawa dúró ní Agége: ọkùnrin 123 àti alùpùpù 48 ni wọ́n bá nínú rẹ̀. Iye méjèèjì yìí ti sọ ohun púpọ̀ nípa bí àwọn tí kò ní alùpùpù nínú wọn ṣe máa bẹ̀rẹ̀.

Ní Odógunyàn, àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ kásúà lóru ni oníbàárà tó dájú jù, ní ìgbà tí wọ́n ń wọlé àti ìgbà tí wọ́n ń jáde. Bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 lítà kan fò sókè sí nǹkan bí ₦500 nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, náírà tún jábọ́ ní oṣù tó tẹ̀ lé e, nígbà tó yá, owó Bajaj tuntun kọjá mílíọ̀nù kan náírà. Àlòkù tún di ọjà gidi. Ẹni tó bá ń padà sí ìlú rẹ̀ sábà máa ń ta tirẹ̀ fún ọmọ abúlé rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, níwájú onídùúró àti mẹkáníìkì. Rìsíìtì á wà, wọ́n á sì gba ìwé ìbúra ní kọ́ọ̀tù bí owó bá yọ̀ǹda. Púpọ̀ nínú wọn kì í lọ sọ́fíìsì láti yí orúkọ padà, orúkọ ẹni tó ra alùpùpù náà ní tuntun ló ṣì ń wà lójú ìwé nígbà tó ti bọ́ sí ọwọ́ kẹta tàbí ìkẹrin.