Koríko Tí A Fi Bo Ilé, Koríko Tí A Fi Ṣe Ọ̀ṣọ́

Ní ilẹ̀ wa, láti Kétu títí dé Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́, ilé tí koríko bá hù yí ká kì í ṣe ilé àpọ́nlé. Ẹni tí ó bá ń kọjá lọ yóò rò pé onílé ti re àjò, tàbí pé ọ̀lẹ ni, tàbí pé ilé náà ti di ahoro. Ejò ń bẹ nínú koríko, eku náà ń bẹ níbẹ̀; nítorí èyí ni àwọn ìyá wa fi ń gbá àgbàlá ní òwúrọ̀ kùtùkùtù títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ kedere. Ọgbọ́n ni wọ́n fi ṣe é. Síbẹ̀, ìtàn koríko kò pin sí ẹnu ọkọ́ àti ìgbálẹ̀. Lónìí, àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń fi owó ra koríko láti gbìn ín sínú ọgbà ilé wọn. Eèsún tí àwa ń gé dànù wà lára èyí tí wọ́n ń rà. Báwo ni ọ̀ràn ṣe dé ibẹ̀?

Kí a kọ́kọ́ rántí irú ẹbí tí koríko jẹ́. Àgbàdo, ọkà bàbà, ìrẹsì, ìrèkè àti ọparun, ọmọ ìyá koríko ni gbogbo wọn. Àwọn baba ńlá wa kì í sábà gbin koríko nítorí ẹwà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa, wọ́n sì sọ wọ́n ní orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan: bẹẹrẹ tí a fi ń bo ilé, ẹ̀kan tí ń gún àgbẹ̀ lẹ́sẹ̀, gbégi tí ń hù lójú ọ̀nà, eèsún tí ń ga ju ènìyàn lọ, koríko ọba tí a ń sè mu nígbà tí ibà bá dé. Ní Ọ̀yọ́, bẹẹrẹ tilẹ̀ ní ọdún tirẹ̀. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí a tẹ ìwé ìtàn rẹ̀ jáde ní 1921, ka ọdún Bẹẹrẹ mọ́ àwọn ọdún ńláńlá ilẹ̀ náà, nígbà tí a ń kó koríko ìbolé jọ. Nígbà tí páànù dé, bẹẹrẹ pàdánù iṣẹ́ rẹ̀, orúkọ rẹ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́.

Eèsún ní tirẹ̀ ti rìn jìnnà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ará Dẹ́nmáàkì kan tí ń jẹ́ Peter Thonning ṣa ewéko jọ ní Etíkun Wúrà, ilẹ̀ tí ó di Gánà lónìí, níbi tí àwọn ará ìlú rẹ̀ ní odi agbára sí. Nínú ìwé tí Schumacher ti Copenhagen kọ lórí àwọn ewéko wọ̀nyí ní 1827 ni eèsún ti gba orúkọ Látìnì rẹ̀, Pennisetum purpureum. Apá kejì orúkọ náà ń tọ́ka sí àwọ̀ elése àlùkò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí àwọ̀ yìí ni a fi gbé eèsún káàkiri ayé, bí kò ṣe nítorí oúnjẹ màlúù.

Ní Yúróòpù nígbà náà, koríko tí ó níyì nínú ọgbà ni èyí tí a rẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹní. Koríko pampas, tí ó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá pẹ̀lú òdòdó funfun rẹ̀ tí ó dà bí ìyẹ́ ẹyẹ, wà lára àwọn díẹ̀ tí a jẹ́ kí ó ga. Ẹni tí ó yí ìrònú àwọn ènìyàn padà ni Karl Foerster, ará Jámánì tí a bí ní 1874. Ní 1910, ó gbé oko irúgbìn rẹ̀ lọ sí Bornim lẹ́bàá Potsdam. Ogun ńlá méjì kọjá lórí iṣẹ́ náà, ilẹ̀ rẹ̀ sì bọ́ sí apá Ìlà-Oòrùn Jámánì, síbẹ̀ kò dáwọ́ dúró. Lójú rẹ̀, koríko gbígbẹ pàápàá ní ẹwà nígbà òtútù, nígbà tí òdòdó ti tán. Ní 1957, ó tẹ ìwé kan jáde lórí bí koríko ṣe ń wọ inú ọgbà. Ẹni ọdún 96 ni nígbà tí ó kú ní 1970. Wolfgang Oehme gbé irú èrò yìí lọ sí Amẹ́ríkà, òun àti James van Sweden sì gbin koríko gíga sí ọgbà púpọ̀ ní Washington. Nígbà tí a ṣí ọgbà High Line ní New York ní 2009, lórí ojú irin àtijọ́, koríko ni ó gba ipò pàtàkì níbẹ̀.

Báyìí ni eèsún tí ewé rẹ̀ pọ́n bí àlùkò ṣe di ọjà ọ̀ṣọ́ lókè òkun. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà.

Ẹ̀kọ́ kejì wà nínú ìtàn yìí. Koríko pampas ti sá kúrò nínú ọgbà ní California, ó sì di èpò. Ní 2017, Ìṣọ̀kan Yúróòpù ka Pennisetum setaceum, ọmọ ìyá eèsún tí ó ti Áfíríkà lọ, mọ́ àwọn ewéko àjèjì tí a kò gbọdọ̀ tà tàbí gbìn mọ́. Afẹ́fẹ́ ń gbé irúgbìn rẹ̀ lọ. Bí ó bá gbẹ, kíákíá ni ó ń gbiná, òun ni yóò sì tún kọ́kọ́ hù padà. Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá fẹ́ koríko ọ̀ṣọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ilé.

Koríko ọba tó fún ẹ̀gbẹ́ ọgbà: kí a pín ìdì rẹ̀ nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, kí a gbìn ín síbi tí oòrùn ti ń tàn. Kí a gbin eèsún sí ibi tí ó jìnnà sí ilé, sí ibi tí àgbàrá ti ń wọ́ ilẹ̀ lọ, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ a máa di ilẹ̀ mú. Kí a sì máa gé e kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó le, nítorí iná.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó kàn mí jù gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ni orúkọ wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ citronnelle, tí kò mọ koríko ọba, ti gbàgbé pé àwọn ìyá rẹ̀ ní ìmọ̀. Àwọn ará Copenhagen kọ orúkọ tí wọ́n fún eèsún sílẹ̀, ó sì wà títí di òní. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ bi àwọn àgbà léèrè, kí ẹ sì kọ orúkọ tiwa náà sílẹ̀, kí ọkọ́ tó kọjá lórí koríko, kí ikú tó mú ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lọ.