Ìka Ọwọ́ àti Lẹ́tà Devanagari

Lẹ́tà Devanagari ni a fi ń kọ èdè Híńdì, Marathi àti Nepali. Nínú rẹ̀, fáwẹ̀lì a máa rọ̀ mọ́ kọ́ńsónáǹtì, yálà lókè, nísàlẹ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀kan tilẹ̀ wà, i kúkurú, tí a ń pè kẹ́yìn kọ́ńsónáǹtì ṣùgbọ́n tí a ń kọ ṣíwájú rẹ̀.

Nígbà tí òfin ilẹ̀ Íńdíà ti ọdún 1950 sọ Híńdì di èdè ìjọba àpapọ̀, ẹ̀rọ táípù ni àwọn akọ̀wé ń lò. Bọ́tìnì rẹ̀ kò pọ̀ tó lẹ́tà. Nítorí náà ni ètò bọ́tìnì tí a ń pè ní Remington fi gé ọ̀pọ̀ lẹ́tà sí ìlàjì, tí akọ̀wé ń so wọ́n pọ̀. Bí ojú ti ń rí ọ̀rọ̀ lórí ìwé ni ọwọ́ ń tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe bí ẹnu ti ń pè é.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, àwọn fọ́ǹtì bíi Kruti Dev gbé ètò yìí wọlé. Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni wọ́n lò: lẹ́tà òyìnbó ni kọ̀ǹpútà ń tọ́jú, àwòrán Híńdì ni fọ́ǹtì fi bò ó lójú. Ẹ jẹ́ kí a wo orúkọ èdè náà gan-an. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò tẹ f fún i kúkurú, g fún h, U ńlá fún ìlàjì n, n fún d, àti h fún i gígùn. हिन्दी yóò sì hàn. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ìwé náà lọ síbi tí fọ́ǹtì yìí kò sí, fgUnh lásán ni a ó rí. Ẹni tó ti gba ìwé Yorùbá rí, tí àwọn lẹ́tà olóhùn inú rẹ̀ ti di àmì ìbéèrè, yóò mọ bí ó ti ń dunni tó.

Ọ̀nà mìíràn wà. Ní 1986 ni ètò InScript fìdí múlẹ̀: fáwẹ̀lì wà lọ́wọ́ òsì, ọ̀pọ̀ kọ́ńsónáǹtì wà lọ́wọ́ ọ̀tún, bí a ti ń pe ọ̀rọ̀ ni a sì ń tẹ̀ ẹ́. Ní 1991, Unicode fún Devanagari ní àyè 128, ó tẹ̀lé ìlànà ISCII ti Íńdíà.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi ètò Remington jẹun fún ọdún púpọ̀ kò lè ṣàdédé sọ ọwọ́ rẹ̀ di ọmọ ìkókó. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Àwọn ìpínlẹ̀ kan sì ti fi Kruti Dev ṣe ìdánwò fún àwọn tó ń wá iṣẹ́ akọ̀wé. Ní tèmi, ètò Remington Gail ló gbọ́n jù: ìka ń rìn lójú ọ̀nà àtijọ́, Unicode sì ni kọ̀ǹpútà ń tọ́jú. Àwọn ìwé àtijọ́ ló kù, tí a ní láti yí padà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kí a sì mú i kúkurú kúrò níwájú kọ́ńsónáǹtì lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀.