Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́: Ẹgbẹ́ Tó Gba Ife, Tó Ń Retí Ará Ilé

Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Remo Stars na Niger Tornadoes ní Ìkẹ́nnẹ́ pẹ̀lú àmì ayò kan sí òdo, wọ́n sì gba ife líìgì àgbà ilẹ̀ Nàìjíríà nígbà tí ìdíje mẹ́ta ṣì kù kí sáà parí. Láti ọdún 2000 tí Julius Berger ti Èkó ti gbà á, ife yẹn kò tún wọ ilẹ̀ Yorùbá mọ́. Ìlú kékeré kan ní Rẹ́mọ ló wá gbé e wálé, tí Èkó àti Ìbàdàn ń wòran.

Tẹ́lẹ̀ rí, bí a bá dárúkọ Ìkẹ́nnẹ́, ọ̀rọ̀ ìṣèlú àti ti ẹ̀kọ́ ló máa ń sọ sí èèyàn lọ́kàn. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sí ní 1909. Ibẹ̀ náà ni Táí Ṣólàrín, ọmọ bíbí ìlú náà, dá ilé ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ sí ní 1956. Pápá ìṣeré Liberty tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn kọ́ sí Ìbàdàn, orúkọ Awólọ́wọ̀ ló ń jẹ́ lónìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ wo bọ́ọ̀lù gidi, kì í ṣe Ìkẹ́nnẹ́ ni yóò forí lé láyé ìgbà yẹn.

Ọdún 2004 ni oníṣòwò Kúnlé Soname dá ẹgbẹ́ Remo Stars sílẹ̀. FC Dender ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é, kó tó gba orúkọ Rẹ́mọ. Orúkọ ńlá ni, nítorí Ìkẹ́nnẹ́ nìkan kọ́ ló ni ín: Ṣágámù, Ìlíṣàn, Ìpẹru, Ìṣarà àti Òde Rẹ́mọ ní ìpín nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ti lo pápá Gateway tó wà ní Ṣágámù rí, kó tó fi Ìkẹ́nnẹ́ ṣe ibùjókòó, níbi tó ti ní pápá tirẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà kò tẹ́jú. Ní 2017, wọ́n dé líìgì àgbà, ọdún yẹn náà ni wọ́n sì já. Wọ́n tún gòkè, wọ́n tún já. Ní 2021 ni wọ́n padà wá fìdí múlẹ̀. Wọ́n ṣe ipò kẹta ní 2022. Lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Daniel Ògúnmọ́dẹdé, wọ́n ṣe ipò kejì ní 2023, ipò kejì náà ní 2024, kí ife tó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ ní 2025. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n pe aṣọ́lé wọn, Káyọ̀dé Bánkọ́lé, sínú ikọ̀ Super Eagles. Wọ́n ní ẹgbẹ́ obìnrin tó ń gbá líìgì àwọn obìnrin, wọ́n sì ní Beyond Limits, níbi tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù dàgbà.

Gbogbo èyí yẹ fún ayọ̀, a sì ń yọ̀. Àmọ́ ìtàn ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kò pé bí a kò bá mẹ́nu ba àwọn tó ń jókòó wò ó. Ibẹ̀ ni bàtà ti ń ta àwọn ẹgbẹ́ ìlú kéékèèké lẹ́sẹ̀ káàkiri Nàìjíríà.

Ẹ yà sí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù èyíkéyìí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Pátákó dúdú wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí i, pẹ̀lú aago tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń han lẹ́yìn ilé. Bẹ́ńṣì ti kún, ẹni tí kò ráyè jókòó dúró ti fèrèsé, owó lẹ́nu ọ̀nà ni gbogbo wọn sì san wọlé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó wà níwájú lè ka orúkọ gbogbo agbábọ́ọ̀lù Arsenal láìtàsé. Bí ẹ bá bi í pé ta ní ń ṣọ́lé fún Remo Stars, yóò wojú yín. Bẹ́ẹ̀, àkókò yẹn gan-an ni ẹgbẹ́ ilé ń gbá bọ́ọ̀lù tirẹ̀ lọ́wọ́.

A kò lè dá ọmọ náà lẹ́bi. Tẹlifíṣọ̀n gbé bọ́ọ̀lù òkèèrè wá bá a nínú yàrá, pẹ̀lú àwòrán tó mọ́ kedere. Agbábọ́ọ̀lù ilé tó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbajúmọ̀, kí ará ìlú tó mọ ojú rẹ̀ dáadáa, ó ti rékọjá sí ilẹ̀ mìíràn. Àwọn òbí mìíràn ń bẹ̀rù ìjà orí pápá, wọn kò sì jẹ́ kí ọmọ wọn lọ. Ìdíje ńlá náà tún máa ń kúrò nílé nígbà mìíràn: nígbà tí Mamelodi Sundowns ti South Africa wá ní oṣù kẹwàá 2025, Abẹ́òkúta ni wọ́n ti gbá a, Remo Stars sì fìdí rẹmi pẹ̀lú àmì ayò márùn-ún sí ẹyọ kan.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká wa lára? Nítorí ohun tí ojú wa ti rí ni. Leventis United ti Ìbàdàn gba ife líìgì àti ife Challenge lọ́dún kan náà, 1986. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ilé iṣẹ́ tó ni ín tú u ká. Abiola Babes ti Abẹ́òkúta gba ife Challenge ní 1985 àti 1987. Òun náà ti di ìtàn. Owó kò wọ́n àwọn méjèèjì, wọ́n sì mọ bọ́ọ̀lù gbá, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni tó ń náwó káwọ́ kúrò, kò sẹ́ni tó lè gbé wọn.

Ẹ wá wo Shooting Stars. Ní 1976, òun ni ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà. Òun náà já ní 2017 pẹ̀lú Remo Stars, kò sì padà títí di 2021. Síbẹ̀ kò kú, nítorí àwọn ará Ìbàdàn ka ìyà rẹ̀ sí ìyà tiwọn, pápá ìṣeré Adámásìngbà sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wọ́ lọ. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Olówó lè ra agbábọ́ọ̀lù, ó lè kọ́ pápá. Ìlú ló ń sọ ẹgbẹ́ di ogún tí bàbá ń fi sílẹ̀ fún ọmọ.

Kò sì yẹ kí èyí ṣòro fún wa. Nítòsí wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn régbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ọjọ́ orí, ń dá aṣọ jọ lọ́dọọdún fún ayẹyẹ Ojúde Ọba, tí gbogbo ayé ń yọ́jú wò wọ́n. Ẹni tó lè kó ẹgbẹ́ jọ sójú ọba lè kó ẹgbẹ́ jọ sí pápá. Kí ẹgbẹ́ náà mú agbábọ́ọ̀lù lọ kí àwọn ọmọ iléèwé Rẹ́mọ, kí ọmọ tó wọ aṣọ iléèwé wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Kí àwọn ìyá ọjà ní àyè tiwọn níbẹ̀, kí ìdíje àwọn obìnrin náà ní èrò. Kí àwọn aláṣẹ sì rí i pé ẹni tó mú ọmọ dání yóò mú un padà sílé láyọ̀.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀yin ọmọ Rẹ́mọ, ife ti dé ilé. Ẹ jáde lọ jókòó ti àwọn tó gbà á. Kí Remo Stars pẹ́ ju ẹni tó dá a sílẹ̀ lọ, kí àwọn ọmọ tí a kò tíì bí sì bá a ní Ìkẹ́nnẹ́.