Ta Ló Ni Arsenal? Ìtàn Akọ́nimọ̀ọ́gbá, Alága àti Ríra Agbábọ́ọ̀lù

Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 2017, nígbà tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Arsenal ti Lọ́ńdọ̀nù ń bá West Bromwich Albion gbá bọ́ọ̀lù, bàlúù kékeré méjì fò kọjá lórí pápá. Bàlúù kọ̀ọ̀kan so aṣọ gbọọrọ kan tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí mọ́ ìdí. Ti àkọ́kọ́ sọ pé kí wọ́n má ṣe fún Arsène Wenger, akọ́nimọ̀ọ́gbá Arsenal, ní ìwé àdéhùn tuntun. Ti èkejì sọ pé ìgbẹ́kẹ̀lé àwọn ṣì wà nínú rẹ̀, kí wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún un. Olólùfẹ́ Arsenal ni ó wà nídìí èkíní, olólùfẹ́ Arsenal náà ni ó wà nídìí èkejì. Àmì ayò 3 sí 1 ni wọ́n fi na Arsenal lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bàlúù ni àwọn ènìyàn gbé délé.

Irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Láti ìgbà tí Nwankwo Kanu ti wọ ẹgbẹ́ náà ní ọdún 1999 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn nílẹ̀ wa ti sọ Arsenal di tiwọn. Nínú ilé ìwòran bọ́ọ̀lù, ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n jọ wọ aṣọ pupa kan náà lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀tá nítorí Wenger. Síbẹ̀, ohun kan wà tí ẹni tí ó bá fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ ara aṣọ méjèèjì yóò rí: kò sí èyí tí ó dárúkọ ẹni tí ó ni ẹgbẹ́. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ní ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù. Bí a bá fẹ́ mọ ìdí ìjà náà, àfi kí a padà sẹ́yìn, kí a wo bí akọ́nimọ̀ọ́gbá, alága àti owó ṣe ń bá ara wọn fà á nínú ẹgbẹ́ yìí fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún.

Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ohun ìjà ogun ní Woolwich ni wọ́n dá Arsenal sílẹ̀ ní ọdún 1886. Kò pẹ́ tí ó fi bọ́ sọ́wọ́ olówó. Ní ọdún 1910, nígbà tí gbèsè fẹ́ pa ẹgbẹ́ náà, ọkùnrin kan tí ó rí towó ṣe nídìí ilé kíkọ́, Henry Norris, gbà á. Ní 1913 ó kó o kúrò ní Woolwich, ó gbé e sọdá odò Thames lọ sí Highbury. Nígbà tí ó di 1925, Norris ń wá akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ó fi ìpolówó sínú ìwé ìròyìn, ó sì kìlọ̀ níbẹ̀ pé ẹni tí ó bá mọ̀ pé owó ńláńlá ni òun yóò máa fi ra agbábọ́ọ̀lù, kí ó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Herbert Chapman ni ó gba iṣẹ́ náà.

Chapman kò jẹ́ kí ìkìlọ̀ yẹn pẹ́ nílẹ̀. Ní ọdún kan náà ó ra Charles Buchan lọ́wọ́ Sunderland. £2,000 ni Arsenal kọ́kọ́ san, wọ́n sì ṣe àdéhùn láti máa san £100 lórí góòlù kọ̀ọ̀kan tí Buchan bá gbá wọlé ní sáà àkọ́kọ́. Góòlù ń wọlé, owó ń jáde. Ní 1928 Chapman ra David Jack lọ́wọ́ Bolton ní iye tí ó lé ní £10,000, èyí tí ẹgbẹ́ kankan kò san rí. Ìtàn tí àwọn ará Arsenal fẹ́ràn láti máa sọ ni pé ní òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti dúnàádúrà, Chapman ti bá agbọ́tí sọ̀rọ̀ ṣáájú: kí ọtí àwọn àlejò láti Bolton le dáadáa, kí tirẹ̀ má ní ọtí kankan nínú. Nígbà tí ojú àwọn àlejò rọ̀, iye owó náà rọ̀.

Norris kò sí níbẹ̀ mọ́ nígbà yẹn. Ní 1927, Àjọ tí ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti lé e kúrò nídìí bọ́ọ̀lù nítorí bí ó ṣe ná owó ẹgbẹ́. Ara ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn ni ọ̀rọ̀ £125 tí wọ́n rí lórí ọkọ̀ ẹgbẹ́ tí wọ́n tà, tí owó náà kò wọ àpò Arsenal. Báyìí ni ọkùnrin tí ó ń kìlọ̀ nípa ìnáwó fún ẹlòmíràn ṣe ti ara owó kúrò lórí oyè. Ní ti Chapman, ó gba ife-ẹ̀yẹ FA ní 1930, ó gba líìgì ní 1931 àti 1933, ikú sì mú un lọ ní 1934. Ère rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá Arsenal títí dòní.

Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ nígbà tí ó yá, ṣùgbọ́n akọ́nimọ̀ọ́gbá ni ó kàn lọ́tẹ̀ yìí. George Graham gba líìgì fún Arsenal ní 1989 àti 1991. Ní oṣù kejì ọdún 1995, wọ́n dá a dúró nítorí pé ó gba £425,000 lọ́wọ́ alágbàtà tí ó bá Arsenal ra agbábọ́ọ̀lù méjì, ọ̀kan láti Denmark, èkejì láti Norway. Àjọ náà kò jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ nídìí bọ́ọ̀lù fún ọdún kan gbáko. Nínú ìtàn Norris àti ti Graham, ohun kan jọra: àwọn tí wọ́n ń sanwó wọlé lọ́jọ́ Sátidé ni wọ́n gbọ́ kẹ́yìn.

Ọdún tí ó tẹ̀ lé e, 1996, ni Wenger dé láti Japan, àwọn ènìyàn sì ń béèrè pé ta ni í jẹ́ bẹ́ẹ̀. David Dein, igbákejì alága, ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1983, Dein ti fi £292,000 ra ìpín nínú Arsenal, alága Peter Hill-Wood sì rò pé ẹni tí ó bá ná irú owó bẹ́ẹ̀ sídìí bọ́ọ̀lù ti sọ ọ́ nù. Dein a máa wá owó, Wenger a máa fi ojú inú wá agbábọ́ọ̀lù. Wọ́n ra Nicolas Anelka ní £500,000 ní 1997. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Real Madrid san ohun tí ó lé ní £22,000,000 lórí rẹ̀. Nínú owó yẹn ni Arsenal ti ra Thierry Henry. Ní sáà 2003 sí 2004, wọ́n gbá ayò 38 nínú líìgì láì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni borí wọn. Ní ọjọ́ wọ̀nyẹn, kò sí ẹni tí ó béèrè ẹni tí ó ni ìpín. Ilé tí ó bá ń rí jẹ kì í ka ìwé ìṣirò.

Ìyípadà dé pẹ̀lú pápá tuntun. Highbury ń gba ènìyàn bí 38,000. Pápá Emirates tí wọ́n ṣí ní 2006 ń gba 60,000, ó sì gbà tó £390,000,000. Gbèsè pápá ní láti di sísan, nítorí náà títa ń ju ríra lọ. Henry lọ ní 2007. Fàbregas àti Nasri lọ ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, Manchester United sì na Arsenal ní 8 sí 2 nínú oṣù kan náà. Van Persie lọ ní 2012, ọ̀dọ̀ Manchester United kan náà ni ó sì lọ. Ní 2013, nígbà tí wọ́n fẹ́ ra Luis Suárez, £40,000,001 ni wọ́n sọ. Wọ́n rò pé pọ́n-ùn kan tí ó lé yẹn yóò ṣílẹ̀kùn àdéhùn rẹ̀ ní Liverpool. Kò ṣí i, ó sì di ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu gbogbo ayé.

Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ olólùfẹ́ ti pín sí méjì. Àwọn kan ní ahun ni Wenger, owó wà, kò fẹ́ ná an. Àwọn kejì ní bí kò bá jẹ́ tirẹ̀ ni, ẹgbẹ́ tí ń san gbèsè ilé kò ní máa wà nínú mẹ́rin àkọ́kọ́ lọ́dọọdún. Òótọ́ díẹ̀ wà lẹ́nu apá méjèèjì, ìdí nìyẹn tí ìjà náà kò fi tán. Wenger ni ojú ń rí, òun ni ó ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá nínú òjò, òun ni ó ń dáhùn ìbéèrè àwọn oníròyìn. Ẹni tí ó wà nítòsí ni ariwo máa ń bà.

Lẹ́yìn ariwo náà, ìpín ń pààrọ̀ ọwọ́. Dein bá àwọn yòókù nínú ìgbìmọ̀ jà, ó kúrò ní 2007, ó sì ta ìpín tirẹ̀ ní £75,000,000 fún ilé-iṣẹ́ Alisher Usmanov, olówó kan láti Rọ́ṣíà. Stan Kroenke, olówó ará Amẹ́ríkà, náà ń rà. Ní àkọ́kọ́ alága Hill-Wood sọ ọ̀rọ̀ kòbákùngbé sí i, pé àwọn kò fẹ́ irú rẹ̀. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní 2011, ìgbìmọ̀ kan náà ni ó gbà kí ohun tí ó ju ìdajì ẹgbẹ́ lọ bọ́ sọ́wọ́ Kroenke, ní £11,750 lórí ìpín kan. Nígbà tí ó yá, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ gba £3,000,000 lọ́wọ́ Arsenal fún ìmọ̀ràn, ó sì tún gba iye kan náà lọ́dún kejì. Àwọn onípìn-ín kéékèèké béèrè nínú ìpàdé ọdọọdún irú ìmọ̀ràn tí ó tó bẹ́ẹ̀.

Wenger lọ ní 2018. Ṣùgbọ́n bí iná kò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ní 2019, Arsenal ra Nicolas Pépé ní £72,000,000, owó tí wọn kò san lórí ẹnikẹ́ni rí. Ní 2023 wọ́n fòpin sí àdéhùn rẹ̀ láì rí kọ́bọ̀ gbà padà. Lápá ọ̀tún tí wọ́n rà á fún, ọmọ tí wọn kò fi kọ́bọ̀ rà ni ó jókòó sí i: Bùkáyọ̀ Saka, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, tí Arsenal fúnra rẹ̀ tọ́ láti kékeré.

Nínú ọdún tí Wenger lọ yẹn náà ni nǹkan tí ó tóbi jù ú lọ ṣẹlẹ̀, tí kò sì sí bàlúù tí ó fò nítorí rẹ̀. Usmanov ta ìpín tirẹ̀ fún Kroenke ní £550,000,000. Nígbà tí ìpín ọwọ́ Kroenke sì ti ju 90 nínú 100 lọ, òfin Ìlú Ọba fún un láṣẹ láti fi dandan ra ìyókù. Àwọn tí ó ní ìpín kan ṣoṣo, tí òmíràn jogún rẹ̀ lọ́wọ́ baba, ní láti gba owó kí wọ́n sì jọ̀wọ́ ìwé wọn. Àwọn tí wọ́n ti ń dá owó díẹ̀díẹ̀ jọ láti 2010 láti ní ìpín pẹ̀lú pàdánù tiwọn. Owó tí wọ́n rí gbà kò kéré, ó lé ní £29,000 lórí ìpín kan. Ohun tí ó kúrò lọ́wọ́ wọn ni ẹ̀tọ́ láti dìde nínú ìpàdé ọdọọdún kí wọ́n béèrè ìbéèrè.

Àwọn àgbà ní àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 2021, Arsenal àti ẹgbẹ́ mọ́kànlá mìíràn kéde pé àwọn fẹ́ dá líìgì tiwọn sílẹ̀ ní Yúróòpù, èyí tí àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀ kò ní lè já kúrò nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ẹni tí ó fẹ́ràn Wenger àti ẹni tí ó kórìíra rẹ̀ fọhùn kan ṣoṣo. Láàárín ọjọ́ méjì Arsenal yọwọ́, wọ́n sì tọrọ àforíjì. Ní ọjọ́ 23, ẹgbẹẹgbẹ̀rún kó ara wọn jọ síwájú pápá Emirates. Orúkọ Kroenke ni wọ́n ń pè, wọn kò pe ti akọ́nimọ̀ọ́gbá. Kroenke kò ta ẹgbẹ́ náà. Ṣùgbọ́n fún ìgbà kan, àwọn tí kò ní ìpín kankan mọ ẹnu ọ̀nà tí ó yẹ kí wọ́n kàn.