Kì í Ṣe Ọ̀dọ̀ Ìyá Nìkan: Ìtàn Àìsàn Tó Ń Mú Iṣan Ọmọdé Rọ

Iṣẹ́ mi ní ilé ìwòsàn kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni kí n máa gé ẹran iṣan tín-ín-rín, kí n pa á láró, kí n sì tò ó sórí gíláàsì fún dókítà tí yóò fi maikirosikóòpù wò ó. Itan ọmọ ni wọ́n ti máa ń mú ẹran náà, kì í sì í ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. A gbọ́dọ̀ tètè mú un dì gbagidi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Àwọn ọmọ tó ni ẹran wọ̀nyí, òmíràn nínú wọn kò lè gbé ọrùn dúró. Òmíràn ti ń rìn tẹ́lẹ̀ kó tó di pé ẹsẹ̀ kò gbé e mọ́. Òmíràn kò lágbára tí yóò fi sunkún kó ròkè.

Bí ó bá jẹ́ ìdílé Yorùbá ló gbé ọmọ wá, mo ti mọ ohun tó wà nílẹ̀. Ìyá bàbá ọmọ kan pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní, “Ọmọ mi, wọ́n ní ọ̀dọ̀ ìyá ni àìsàn yìí ti máa ń wá. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?” Mo ní, “Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo, Mà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n parí àyẹ̀wò ná.” Kò dà bí ẹni pé ó gbà mí gbọ́. Mi ò sì bá a jà, nítorí ohun tó gbọ́ yẹn ní ìtàn tirẹ̀, ó sì yẹ kí a mọ ìtàn náà.

Ìlú Stockholm, ní Sweden, ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1962, Rolf Luft àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kọ̀wé nípa obìnrin ẹni ọdún 35 kan tí àìsàn ti ń bá fínra láti ọmọ ọdún 7. Òógùn kì í gbẹ lára rẹ̀ tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Ó ń jẹun gan-an, síbẹ̀ ó ń rù. Inú iṣan rẹ̀ ni wọ́n ti bá ohun tó ń ṣe é. Àwọn ẹ̀yà kéékèèké kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì wa, maitokọ́ńdríà ni wọ́n ń jẹ́, iṣẹ́ wọn ni láti sọ oúnjẹ àti atẹ́gùn tí a ń mí sínú di agbára. Ti obìnrin yìí ń ṣiṣẹ́ láìsinmi, ṣùgbọ́n ooru ni ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ náà ń já sí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni máa tọ́ka sí maitokọ́ńdríà pé òun ló fa àìsàn ènìyàn.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni iṣẹ́ tèmi rí ìpìlẹ̀. King Engel àti Cunningham, ní Bethesda ní Amẹ́ríkà, tún aró kan ṣe tí onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Gomori ti ń lò tẹ́lẹ̀, wọ́n sì fi kun ẹran iṣan tó dì. Iṣan tó yè kooro á mú àwọ̀ ewé. Ibi tí maitokọ́ńdríà tó ní àrùn bá ti gbá jọ á pọ́n, etí rẹ̀ á sì rí jákujàku. Aró yẹn náà ni a ṣì ń lò dòní. Lọ́dún 1963 yẹn kan náà, Margit Nass àti Sylvan Nass rí fọ́nrán DNA, ìwé ìlànà ara tí òbí ń fi lé ọmọ lọ́wọ́, nínú maitokọ́ńdríà ọmọ adìyẹ tí kò tíì pa. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti gbà pé kóró àárín sẹ́ẹ̀lì nìkan ni DNA ń gbé. Ó wá di pé maitokọ́ńdríà ní tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ní 1966, Shy, Gonatas àti Perez kọ̀wé nípa àìsàn iṣan ọmọdé oríṣi méjì: nínú ọ̀kan, maitokọ́ńdríà ti di ràgàjì, nínú èkejì, wọ́n pọ̀ rẹpẹtẹ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìrísí nìkan ni wọ́n rí, ìdí rẹ̀ kò tíì yé ẹnikẹ́ni.

Ibi tí ẹjọ́ ìyá ti wọlé nìyí. Ní 1980, Giles, Wallace àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn pé DNA maitokọ́ńdríà ènìyàn, láti ọ̀dọ̀ ìyá ni; inú ẹyin obìnrin ló wà, ti inú àtọ̀ kì í bá wọn dé ọ̀nà jíjìn. Ní 1981, àwọn onímọ̀ ní Cambridge ka DNA náà tán pátápátá. Lẹ́tà 16,569 péré ni, jíìnì 37 ló sì wà nínú rẹ̀. DNA inú kóró sẹ́ẹ̀lì ní tirẹ̀ tó bílíọ̀nù 3 lẹ́tà, kò sì sẹ́ni tó lè kà á tán nígbà náà. Mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí èyí. Àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ wá àìsàn náà sí ohun tí ó ti ọ̀dọ̀ ìyá wá nítorí pé òun ló kúrú, òun ni ọwọ́ lè tó. Kì í ṣe pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àìsàn náà wà.

Wọ́n wá a, wọ́n sì rí i lóòótọ́. Ní 1988, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, Ian Holt, Anita Harding àti John Morgan-Hughes yẹ iṣan aláìsàn 25 wò. Lára 9 nínú wọn, apá kan DNA maitokọ́ńdríà ti já dànù. Ní 1990, Goto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan rí lẹ́tà kan ṣoṣo tó yí padà, ní ipò 3243, nínú àwọn tí àìsàn náà ń kọlu ọpọlọ wọn bí rọpárọsẹ̀. Ti 3243 yìí, ìyá lè bí i fún ọmọ. Ṣùgbọ́n ti DNA tó já, ara ọmọ fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀, ìyá kò ní in. Ìyàtọ̀ yìí kò dé etí àwọn ará ilé. “Ọ̀dọ̀ ìyá” ló dé etí wọn.

Ní 1991 ni ọ̀rọ̀ wá yí. Moraes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Columbia, New York, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ ọwọ́ tí DNA maitokọ́ńdríà ṣọ̀wọ́n gidi nínú ara wọn. Ta ló yẹ kó máa ṣe ẹ̀dà DNA yìí tí kò ṣe é? Inú kóró sẹ́ẹ̀lì ni irinṣẹ́ tó ń ṣe é ti ń wá, tìyá-tìbàbá ló sì ni kóró náà. Ó lé ní 1,100 oríṣi purotéènì tó ń ṣiṣẹ́ nínú maitokọ́ńdríà. 13 péré ni DNA tirẹ̀ ń ṣe. Kóró ló ń pèsè gbogbo ìyókù.

Ní 1995, Bourgeron àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Paris rí jíìnì àkọ́kọ́ nínú kóró tó ń fa irú àìsàn yìí, SDHA, lára ọmọ ìyá méjì. Ní 2001, Ann Saada, Orly Elpeleg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Jerúsálẹ́mù rí ti TK2 lára ọmọ mẹ́rin tí iṣan wọn ń kú lọ. Jíìnì TK2 ló ń pèsè ohun tí wọ́n fi ń kọ́ DNA nínú maitokọ́ńdríà. Bàbá ní ẹ̀dà kan tó bàjẹ́, ìyá ní ẹ̀dà kan tó bàjẹ́, ara àwọn méjèèjì sì le. Ọmọ tó bá gba méjèèjì ni àìsàn ń mú, ọ̀kan nínú mẹ́rin ni ewu rẹ̀ ní oyún kọ̀ọ̀kan. Yorùbá wo ni kò mọ ìṣirò yìí? Bí AS ṣe ń fẹ́ AS tí wọ́n ń bí SS náà ni.

Lónìí, jíìnì tí a mọ̀ pé ó lè fa àìsàn maitokọ́ńdríà ti lé ní 300, inú kóró sì ni èyí tó pọ̀ jù wà. Nínú àwọn ọmọdé, ó tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn aláìsàn tí ti kóró ń ṣe.

Ohun kan wà tó máa ń dùn mí nínú iṣẹ́ mi. Àwọ̀ pupa tí gbogbo wa gbójú lé, kì í sábà hàn lára ọmọdé. Ìyẹn ni pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n gé ẹran ara ọmọ, wọ́n kùn ún, wọn kò rí àwọ̀ pupa, wọ́n sì sọ fún ìyá pé kò sí nǹkan. Nísinsìnyí ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà láti ka gbogbo jíìnì, ẹran tí ń dé tábìlì mi sì ti dín kù. Ó dùn mọ́ mi.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin ní 2015 pé kí ìyá tí DNA maitokọ́ńdríà rẹ̀ ní àrùn lè lo ti inú ẹyin obìnrin mìíràn dípò tirẹ̀; ní 2025, àwọn dókítà ní Newcastle kéde pé ọmọ mẹ́jọ ti wáyé lọ́nà náà. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì bá wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n kò wúlò fún ìdílé tí TK2 ń bá jà. Ìwé ìròyìn kò sọ ìyẹn tó bó ṣe yẹ, ọ̀rọ̀ ìyá ló tún gba iwájú. Lọ́dún yẹn kan náà ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn àkọ́kọ́ fún TK2: ohun ìkọ́ DNA tó ṣọ̀wọ́n yẹn gan-an, tí wọ́n ń fún aláìsàn mu. Ọmọ tí wọn kò bá mọ jíìnì tó ń dà á láàmú kò lè dé ìdí oògùn náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá, bí dókítà bá ní kí ẹ̀yin àti ìyá ọmọ jọ wá fún àwọn ní ẹ̀jẹ̀, ẹ má sọ pé kò kàn yín. Ẹ lọ, kí ẹ sì tètè lọ. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, mo bẹ̀ yín, ẹ dá ẹjọ́ dúró títí èsì yóò fi dé. Bó bá sì ṣe pé ti ìyá ni èsì mú wá, ẹ bá a gbé ọmọ náà.