Maria Sibylla Merian

Maria Sibylla Merian (1647–1717) jẹ́ ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ó fi gbogbo ayé rẹ̀ tọpa kòkòrò. Frankfurt ni wọ́n bí i sí. Jacob Marrel, ayàwòrán òdòdó tó fẹ́ ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀, ló kọ́ ọ níṣẹ́.

Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sin kòkòrò tí ń ṣe òwú sílíìkì. Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí kan àwọn ọ̀mọ̀wé, gbà pé inú ẹrẹ̀ àti ohun tó ti rà ni kòkòrò ti ń dìde fúnra rẹ̀. Merian ń fún àwọn ìdin ní ewé jẹ, ó ń ṣọ́ wọn títí wọn yóò fi hu apá, ó sì ń ya gbogbo ohun tó bá rí. Ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1679 gbé ìdin lé orí ewé tó ń jẹ, pẹ̀lú labalábá rẹ̀, àti ẹyin rẹ̀ nígbà mìíràn. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọgbọ́n rẹ̀ wà: kò yọ ẹ̀dá kankan kúrò lára ohun tó ń gbé e ró.

Ní 1699, ẹni ọdún 52, ó ta àwòrán rẹ̀ kó lè rówó ọkọ̀, òun àti Dorothea Maria ọmọ rẹ̀ sì wọkọ̀ òkun láti Amsterdam lọ sí Suriname ní Gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ará Holland ti ń fi ẹrú gbin ìrèké. Àwọn olóko fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń wá ohun mìíràn yàtọ̀ sí ṣúgà. Àwọn ẹrú, ọmọ Áfíríkà àti ọmọ onílẹ̀, ló ń bá a la ọ̀nà nínú igbó. Àwọn obìnrin inú wọn sọ fún un pé àwọn ń fi èso òdòdó kan ṣẹ́yún, kí ọmọ àwọn má baà di ẹrú. Ó kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé, ṣùgbọ́n kò kọ orúkọ wọn, ó sì dùn mí.

Àìsàn lé e padà sí Amsterdam ní 1701. Ìwé rẹ̀ lórí àwọn kòkòrò Suriname jáde ní 1705 pẹ̀lú àwòrán 60. Linnaeus, onímọ̀ nípa ẹ̀dá, lò ó nígbà tó ń sọ ẹ̀dá lórúkọ. Ọ̀kan nínú àwòrán náà fi aláǹtakùn tó ń jẹ ẹyẹ hàn. Àwọn kan pè é ní irọ́ títí Henry Walter Bates, onímọ̀ nípa ẹ̀dá, fi rí irú rẹ̀ ní agbègbè odò Amazon ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún.